Abà Ìpakà Great Coxwell: Ohun Tó Gbé Òrùlé Òkúta Ró Láti Nǹkan Bí 1292

Abúlé Great Coxwell wà nítòsí ìlú Faringdon ní Oxfordshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abà òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1292. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 152, ìbú rẹ̀ jẹ́ 44, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 48 láti ilẹ̀ títí dé téńté òrùlé. Púpọ̀ nínú igi óákù tó gbé òrùlé náà ró lónìí ni àwọn káfíńtà ìgbà náà gbẹ́. Igi tó ti lo ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méje lọ lábẹ́ òkúta, nílùú tí òjò kì í jìnnà síbẹ̀, kò ṣàdédé pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀ yìí: bí wọ́n ṣe to ilé náà, ohun tí wọ́n yí padà nínú rẹ̀, àti ibi tí irú rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní abà ìdámẹ́wàá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú abà ìdámẹ́wàá ni ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ìdá mẹ́wàá irè oko àwọn ará ìjọ sí. Ti Great Coxwell jẹ́ abà oko àwọn mọ́ńkì fúnra wọn. Ọba John ló fún àwọn mọ́ńkì Cistercian, ẹgbẹ́ mọ́ńkì kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ní ilẹ̀ Faringdon ní 1203. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó lọ sí Beaulieu ní Hampshire, tí Faringdon sì di oko tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀ láti òkèèrè. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé mọ́ńkì ká, ti Beaulieu parẹ́ ní 1538, abà náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìdílé onílẹ̀. Àjọ National Trust, tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́, ló ni ín láti 1956, nígbà tó wọlé nínú ogún tí Ernest Cook fi sílẹ̀.

Kí a tó kan òkúta, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ yẹn ló pín ilé náà bó ṣe pín. Lẹ́yìn ìkórè, wọn kì í pakà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á di àlìkámà tàbí bálì ní ìtí, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó o wọ abà, wọ́n á sì tò ó láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé. Ìgbà òtútù ni ìpakà, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti dín kù. Ọkà tó ṣì wà nínú orí rẹ̀ máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n ti pa lọ. Pòròpórò tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni àwọn màlúù ń fẹ́ sùn lé, tí wọ́n sì ń jẹ níwọ̀nba, ní oṣù tí koríko kò sí.

Ọ̀pá ìpakà jẹ́ igi méjì tí wọ́n fi awọ so pọ̀. Ọ̀kan gùn, òun ni ọwọ́ ń dì mú. Èkejì kúrú, ó wúwo, òun ló ń yí lókè tó sì ń balẹ̀ sórí ìtí. Ó gbọ́dọ̀ balẹ̀ pẹlẹbẹ ní gbogbo gígùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ nìkan ló kan ọkà, á fọ́ ọ, ọkà tó bá sì fọ́ kò ṣeé gbìn. Ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ á pa nǹkan bí búṣẹ́ẹ̀lì àlìkámà 4 sí 6 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí kìlógíráàmù 110 sí 160. Abà tó tóbi tó báyìí, tó kún dé òrùlé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni fún ọ̀pọ̀ ọwọ́.

Lẹ́yìn ìpakà ni fífẹ́. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń da ẹ̀wà láti inú igbá sínú igbá lójú afẹ́fẹ́ mọ ọgbọ́n rẹ̀ tán: ọkà tó wúwo á balẹ̀, ìyàngbò á fò lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é nítorí òjò, nítorí náà ilé ló gbọ́dọ̀ pèsè afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí ẹnu ọ̀nà kan sí àárín ògiri gígùn ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n sì ṣí òmíràn sí ọ̀kánkán rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Láti ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń wá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, afẹ́fẹ́ á gba àárín kọjá. Bó bá le jù, wọ́n á pa ọ̀kan dé díẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì ni ilẹ̀ ìpakà. Ìtí tí wọn kò tíì pa á wà ní apá kan, pòròpórò tí wọ́n ti pa á wà ní apá kejì. Nínú irú abà bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi pákó kan dábùú ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà tó ga tó orúnkún, kí ọkà má baà ta síta, kí ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ má sì wọlé wá jẹ ẹ́.

Ìloro ìwọ̀-oòrùn yọ síta lára ògiri, ó ga tó kí kẹ̀kẹ́ tó kún fún ìtí gba ibẹ̀ wọlé. Yàrá kékeré kan wà lókè rẹ̀. Àwọn tó mọ ilé náà gbà pé ibẹ̀ ni alábòójútó oko ti ń ka ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ibi tí wọ́n fi yàrá náà sí bá iṣẹ́ yẹn mu, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè kó ìtí kan gba ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó wà lókè rí i.

Ẹni tó bá wọ inú abà náà lè rò pé ògiri òkúta ló gbé òrùlé. Kì í ṣe ògiri ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Òpó óákù 12 ló wà nínú ilé, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pín ilé ní gígùn sí àlàfo 7, wọ́n sì pín ìbú rẹ̀ sí mẹ́ta: ọ̀nà fífẹ̀ láàárín àti ọ̀nà tóóró kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi ìdábùú ló so òpó méjì tó kọjú síra pọ̀ lókè, àwọn igi ìtìlẹ́yìn dídàgẹ̀rẹ̀ sì jáde lára òpó lọ sí òkè láti dá a dúró kó má yẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Láàárín férémù kan sí èkejì, igi títẹ̀ méjì tún dìde láti ara ògiri, wọ́n tẹ̀ wá pàdé ara wọn lókè. Àwọn yìí ló ń gba ìwúwo àárín àlàfo, kí àwọn igi gígùn tó wà lábẹ́ òkúta òrùlé má baà rọ̀.

Ìwúwo yẹn kò kéré. Òrùlé tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ bò máa ń wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fojú bu òrùlé abà yìí sí nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 1,000 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìwúwo òkúta nìkan á tó 90 tọ́ọ̀nù, kí a tó ka igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òpó 12 àti àwọn igi títẹ̀ ló ń pín in.

Ẹ wo ẹsẹ̀ òpó kan dáadáa, torí níbẹ̀ ni àṣírí abà yìí wà. Òpó náà kò kan ilẹ̀ rárá. Orí òpó òkúta kan tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ló dúró lé, ìyẹn ju orí àgbàlagbà lọ. Lórí òkúta náà, kí òpó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìtì óákù kan lélẹ̀, tí iṣan rẹ̀ dábùú iṣan òpó. Omi máa ń gun igi láti ìdí rẹ̀, ó ń gba ojú iṣan lọ sókè. Bí ìdí òpó bá jókòó lé òkúta tútù, á máa mu omi lójoojúmọ́, á sì rà láti inú kí ojú tó rí i. Ìtì tó dábùú yẹn já ọ̀nà omi náà, torí omi kì í rọrùn láti gba ẹ̀gbẹ́ iṣan kọjá bó ṣe ń gba ojú rẹ̀. Bí nǹkan kan bá sì máa rà, ìtì kékeré yẹn ni, wọ́n á gbé òpó sókè díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Òkúta gíga yẹn tún ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn. Ìdí rẹ̀ ni àyà kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń gbá, ibẹ̀ ni màlúù ń fara họ. Òkúta lè fara da ìyẹn. Ó sì dín gígùn igi tí wọ́n nílò kù. Igi óákù tó gùn gbọọrọ, tó nípọn láti ìdí dé òkè, ṣọ̀wọ́n nígbà náà bó ṣe ṣọ̀wọ́n báyìí, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 7 tí òkúta gbà lára òpó kọ̀ọ̀kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Igi tútù ni àwọn káfíńtà ìgbà yẹn ń gbẹ́, torí óákù tó ti gbẹ máa ń le bí irin. Wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí orí igi kan, wọ́n á lu ihò sí èkejì, wọ́n á ki ahọ́n bọ ihò, wọ́n á sì fi èèkàn óákù gún méjèèjì pa pọ̀. Bí igi bá ń gbẹ, á súnkì, á sì máa há mọ́ èèkàn. Ìdí nìyẹn tí igi abà àtijọ́ fi máa ń lanu ní gígùn. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rù, á fẹ́ kó sìmẹ́ǹtì tàbí ohun lílẹ̀ sí i. Ẹ fi sílẹ̀. Lílà tó tẹ̀ lé iṣan igi kò dín agbára rẹ̀ kù lọ títí. Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù ni lílà tó dábùú iṣan, pàápàá ní ibi tí igi méjì ti pàdé, tàbí ahọ́n tó ti fà jáde nínú ihò rẹ̀.

Ògiri jẹ́ òkúta ẹfun agbègbè náà. Ojú méjèèjì ni wọ́n fi òkúta tò, wọ́n sì kó òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹfun pípò sí àárín. Lóde, wọ́n mọ àtìlẹ́yìn òkúta gbígbẹ́ mọ́ ọn ní àárín-àárín, kí ògiri má baà tẹ̀ síta. Òrùlé gíga máa ń fẹ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, àwọn igi títẹ̀ tí mo mẹ́nu bà sì ń kó ìwúwo tiwọn sórí ògiri, nítorí náà àtìlẹ́yìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ihò onígun mẹ́rin kéékèèké tí ẹ ó rí lára ògiri, ibẹ̀ ni àwọn bíríkìlà ti ki igi àtẹ̀gùn iṣẹ́ wọn bọ̀. Ihò bẹ́ẹ̀ wúlò lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí ọkà tí wọ́n tò jọ nílò afẹ́fẹ́. Ìtí tó tutù nínú máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó lè hù, nígbà mìíràn ó lè gbiná.

Òkúta òrùlé kò dọ́gba. Èyí tó tóbi jù wà ní ìsàlẹ̀ létí òrùlé, wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sókè. Ìdí méjì ló wà fún un. Kò sí ọ̀nà tí wọn ì bá fi rí òkúta tó dọ́gba láti inú ilẹ̀, nítorí náà wọ́n ń lo gbogbo rẹ̀. Létí òrùlé ni omi sì ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ ló yẹ kí oríkèé dín kù. Wọ́n lu ihò sí orí òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n ki èèkàn igi bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi kọ́ ọ sára pẹlẹbẹ igi tó dábùú òrùlé. Kì í ṣe òkúta ló máa ń kọ́kọ́ kú, èèkàn ni, tàbí ìṣó irin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tó ti dípẹtà. Òkúta á yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, omi á bọ́ sórí igi. Nítorí náà, bí wọ́n bá tú òrùlé bẹ́ẹ̀ palẹ̀, púpọ̀ nínú òkúta rẹ̀ ló ṣeé dá padà. Wọ́n á lù ú wò, èyí tó bá dún gbáń-ún wà láàyè, èyí tó bá dún pòkò ti là nínú.

Ìyípadà tó tóbi jù tí abà náà rí ni ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ti tóbi sí i, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kò sì rọrùn fún un mọ́, torí kẹ̀kẹ́ gígùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kò ráyè yí láàárín òpó. Wọ́n wá la ẹnu ọ̀nà ńlá sí orí ilé ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí kẹ̀kẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé, kó tú ẹrù lójú ọ̀nà àárín, kó sì gba èkejì jáde láìpadà sẹ́yìn. Àwọn kan máa ń bínú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé ó ba ilé àtijọ́ jẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó yan ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ni òrùlé ń tì síta. Ògiri ìpẹ̀kun kì í gbé ju ara rẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni wọ́n lè là láìsí ewu púpọ̀. Ohun tí wọ́n pàdánù ni àlàfo méjì tí wọ́n lè kó ìtí kún dé òrùlé tẹ́lẹ̀, àti afẹ́fẹ́ ìpakà tó mọ́ ọ̀nà rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Ìpakà ọwọ́ gan-an kò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Andrew Meikle ṣe ẹ̀rọ ìpakà ní Scotland ní 1786. Ẹ̀rọ yẹn gba iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́wọ́ àwọn lébìrà oko, iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn nígbà tí kò sí òmíràn. Ní 1830 wọ́n dìde ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ láti oko dé oko, títí kan Berkshire, tí Great Coxwell wà lábẹ́ rẹ̀ títí di 1974.

A máa ń béèrè ibi tí ẹṣin wà. Kò yẹ kó wà nínú abà ọkà. Ẹṣin kan ń tọ̀ nǹkan bí lítà mẹ́wàá lóòjọ́, èémí rẹ̀ ń tu omi sí afẹ́fẹ́ ní gbogbo òru, ọkà sì ń fa ọ̀rinrin. Ní àwọn oko òkúta tó tẹ̀ lé e, ibùso ẹṣin máa ń jẹ́ ilé ọ̀tọ̀, tàbí kí ògiri òkúta tí kò ní ihò pààlà láàárín òun àti abà. Àjà rẹ̀ rẹlẹ̀ kí ooru ẹran lè dúró, koríko wà lókè àjà, ilẹ̀ rẹ̀ dà sí ojú gọ́tà. Ìtọ̀ yẹn ló ń fa àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára ibùso àtijọ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń wọ òkúta àti ẹfun lọ. Bí ògiri bá ń gbẹ, iyọ̀ á jáde sójú, á funfun bí òwú, á sì máa ti ojú òkúta wọ́. Fífi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kò wò ó sàn. Iyọ̀ kàn máa gun òkè ibi tí sìmẹ́ǹtì dé ni, tí á tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì náà ló ń pa ògiri abà. Ẹfun tí wọ́n fi tò ó rọ̀ ju òkúta lọ, omi tó bá wọ ògiri ń gba oríkèé ẹfun jáde. Bí wọ́n bá gbẹ́ oríkèé, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i, omi kò rọ́nà mọ́ àfi inú òkúta. Yìnyín á dì í níbẹ̀, omi tó dì máa ń wú, ojú òkúta á bó. Tí ẹ bá rí ògiri tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ yọ síta bí àwọ̀n, tí òkúta sì ti jẹ wọlé láàárín rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ gba sùúrù. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ jáde, kì í ṣe ẹ̀rọ, kó jìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ oríkèé, ó kéré tán mílímítà 25. Kí wọ́n rẹ ògiri. Kí wọ́n po ẹfun ìwọ̀n 1 mọ́ iyanrìn mímú ìwọ̀n 3, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé ṣinṣin, kí wọ́n sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 5 Celsius, kí wọ́n dúró, torí ẹfun tí yìnyín bá mú kí ó tó dì á di ìyẹ̀fun.

Lára igi, kòkòrò kan wà tó fẹ́ràn óákù tó tutù, ìdin rẹ̀ sì lè jẹ inú igi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gba ihò róbótó jáde. Oògùn tí wọ́n ń fín kì í dé ibi tó wà. Omi ni kí wọ́n wá. Bí igi bá gbẹ tó sì dúró bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà á máa dín kù fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti rà ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi óákù tuntun dípò rẹ̀ ní ìwọ̀n tó gé gan-an; ẹni tó bá yọ odindi òpó nítorí ìka mẹ́rin tó rà ti ju ohun tí a kò lè rí rà mọ́ nù. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà tó gbé ní Kelmscott nítòsí, tó sì fẹ́ràn abà yìí gidigidi, ló dá ẹgbẹ́ tó ń jà kí wọ́n má ba ilé àtijọ́ jẹ́ sílẹ̀ ní 1877.

Àwọn mọ́ńkì Beaulieu kan náà ló kọ́ abà òkúta mìíràn sí St Leonards ní Hampshire, ó tóbi ju ti Great Coxwell lọ. Èyí ti wó. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró láwọn ibì kan, abà kékeré kan sì wà tí wọ́n kọ́ sínú àwókù náà lẹ́yìn náà. Bí òrùlé bá ti lọ, orí ògiri á ṣí, òjò á máa wọ àárín níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹfun wà, ojú méjèèjì á sì yà kúrò lára ara wọn.

Nítorí náà, ọjọ́ òjò ni kí ẹ yẹ irú abà bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ dúró nínú òkùnkùn, kí ẹ pa ilẹ̀kùn, kí ẹ wo òrùlé: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé ni omi ń gbà. Ẹ tẹ̀ lé ojú omi sọ̀ kalẹ̀ lára igi títí dé ibi tó ti dúró, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ irin gún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ilé ká lóde. Abà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní gọ́tà òrùlé, omi ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń ga sí i lọ́dọọdún nítorí ìgbẹ́ ẹran àti ewé. Ẹ wọn ilẹ̀ òde mọ́ ilẹ̀ inú. Bí tòde bá ga jù, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò kó rẹlẹ̀ ju tinú lọ, ẹ jẹ́ kó dà síta, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ìdí òkúta ìpìlẹ̀, torí ìpìlẹ̀ ìgbà náà kì í sábà jìn.